Bóòtù sàlẹ́ńsà kán sínú orí ẹ́ńjìnnì: ẹ má tíì mú extractor

Ìbéèrè: Alùpùpù mi ti gbó, onísìlíńdà kan ni, atẹ́gùn ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Èéfín ń jò níbi tí sàlẹ́ńsà ti wọ orí ẹ́ńjìnnì, mo wá fẹ́ tú u kí n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Bóòtù méjì ló dì í mú, sípánà 10 ló ń mú wọn. Bí mo ṣe yí ti àkọ́kọ́, orí rẹ̀ gé kúrò, ìyókù sì wà nínú ihò, ó bá ojú alumíníọ̀mù dọ́gba, kò sí ibi tí ọwọ́ tàbí púláyà lè dì mú. Mi ò tíì fọwọ́ kan èkejì. Ẹnì kan ní kí n lu ihò sáàárín èyí tó kán, kí n fi extractor, irin líle tí wọ́n ń ti bọ inú ihò yẹn láti fi yí bóòtù jáde, yọ ọ́. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Extractor kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ mú. Fún bóòtù tó kéré tó èyí, ó tiẹ̀ sàn kí ẹ má mú un rárá. Bóòtù tí sípánà 10 ń mú, M6 ni lọ́pọ̀ ìgbà: ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 6, mílímítà 1 sì ló wà láàárín tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí ara bóòtù ká) kan sí èkejì. Odidi mílímítà 6 yẹn lẹ lọ́ títí tó fi gé, síbẹ̀ kò yí. Extractor tó máa wọ inú rẹ̀ kò lè nípọn ju bíi mílímítà 3 lọ. Ṣé èyí tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ ló máa wá yí ohun tí èyí tó nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì kò rí yí? Irin extractor le lóòótọ́, àmọ́ irin tó le báyẹn kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Tó bá sì ṣẹ́ sínú bóòtù, bíìtì dírílì tí gbogbo ayé ń lò kò ní í lè jẹ ẹ́ mọ́. Ńṣe ni yóò máa yọ̀ lójú rẹ̀ títí yóò fi yà sínú alumíníọ̀mù. Àwọn extractor tó rí ṣóńṣó tún ní àléébù mìíràn: bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń ti ara bóòtù síta, tí wọ́n sì ń fún un mọ́ ibi tó há sí gan-an.

Extractor wúlò fún bóòtù tó gé nígbà tí wọ́n ń dè é, nítorí pé wọ́n dè é jù. Irú bẹ́ẹ̀ kò há, orí rẹ̀ nìkan ló lọ, tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ṣì mọ́. Tiyín gé nígbà tí ẹ ń tú u. Ìyẹn ni pé nǹkan kan dì í mú nínú ihò, nǹkan yẹn sì ni ẹ ó kọ́kọ́ bá jà, kí ẹ tó máa wá ohun tí ẹ ó fi yí i.

Kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń dáàbò bò. Bóòtù kì í ṣe nǹkan kan, ẹ lè sọ ọ́ di ẹ̀kúnná tó bá pọn dandan. Alumíníọ̀mù tó yí i ká ni iyì wà lára rẹ̀. Nítorí náà ohun tí kò lè ba ihò jẹ́ ló máa ṣáájú, ohun tó lè bà á jẹ́ ló máa kẹ́yìn.

Ohun tó dì í mú

Irin àti alumíníọ̀mù tó fara kan ara wọn, tí omi sì rá sí àárín wọn, bátìrì kékeré ni wọ́n dà. Alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ, yóò sì máa di ìyẹ̀fun funfun tó le. Irin náà ń dípẹtà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn àti ìpẹtà gba àyè ju irin tí wọ́n ti ara rẹ̀ jáde lọ, wọ́n á sì kún gbogbo àlàfo tó wà nínú tírẹ́ẹ̀dì. Ní ẹnu sàlẹ́ńsà, ooru tún ń yan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójoojúmọ́, òjò àti omi tí ẹ fi ń fọ alùpùpù sì ń tutù sí i. Ìdí nìyí tí bóòtù ibẹ̀ fi ń kán ju ti ibikíbi mìíràn lára ẹ́ńjìnnì.

Ohun kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún yín níbẹ̀. Bí ooru bá mú àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì irin. Lórí ihò mílímítà 6, bí ẹ bá gbé ooru rẹ̀ dé nǹkan bíi 150°C, ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti fọ́ èèpá funfun yẹn sí wẹ́wẹ́, kí epo lè rí ọ̀nà wọlé.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

Ẹ má tíì yí bóòtù kejì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ ihò, ohun kan náà ló ń jẹ wọ́n. Bí ẹ bá yí i ní tútù bí ẹ ṣe yí ti àkọ́kọ́, yóò gé bákan náà, ẹ ó sì pàdánù ohun tó máa wúlò jù fún yín bó bá di pé ẹ máa lu ihò; màá sọ ìdí rẹ̀ tí a bá débẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe sí èyí tó kán ní ti epo àti iná ni kí ẹ ṣe sí òun náà.

Ẹ tú táǹkì epo kúrò, kí ẹ gbé e jìnnà. Ẹ yọ kábúrétọ̀, kí ẹ sì fi àkísà dí ẹnu ibi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú wáyà bátìrì. Lẹ́yìn náà ẹ wò ó bóyá dírílì lè dúró gbọnrangandan síwájú ihò náà láìsí pé táyà iwájú tàbí páìpù férémù dí i lọ́nà. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ táyà. Bí ìyẹn náà kò bá tó, ẹ tú orí sìlíńdà sílẹ̀, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Iṣẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ dírílì tó wọ́ díẹ̀ ló ba orí ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù lọ láyé yìí, kì í ṣe bóòtù tó há.

Epo, òòlù, iná

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú ibi tó kán títí ẹ ó fi rí àlà yípo láàárín irin àti alumíníọ̀mù. Epo kò lè gba inú ìdọ̀tí kọjá. Epo tí wọ́n ṣe fún bóòtù tó há ni kí ẹ kán sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù. WD-40 ti àtìbẹ̀rẹ̀ náà kọ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí; lílé omi ni wọ́n ṣe é fún, orúkọ rẹ̀ gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ da acetone àti ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ọtọmátíìkì (ATF) pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Wọn kì í pò mọ́ra dáadáa, nítorí náà ẹ gbọn ìgò náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ẹ kán an sí bóòtù méjèèjì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kán an, ẹ gbé pọ́ńṣì tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ lé ojú bóòtù, kí ẹ fi òòlù kékeré lù ú, kó máa dún, kì í ṣe kó rì. Ogún tàbí ọgbọ̀n ìlù tó mọ níwọ̀n sàn ju ẹyọ kan tó lágbára lọ. Gbígbọ̀n ni ẹ ń wá, òun ló ń la èèpá náà. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹ́ alumíníọ̀mù tó yí sìlíńdà ká; bí òòlù bá kàn án, ó ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́.

Iná ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ nu gbogbo epo àti acetone kúrò, kí ẹ sì gbé ìgò wọn jìnnà, torí pé acetone ń gbiná bíi pẹtiróòlù. Bí ẹ bá fi ohun tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì fọ ibẹ̀, ẹ wo ara agolo rẹ̀: èyí tó bá ní chlorine nínú ń sọ èéfín olóró jáde tí iná bá kàn án. Iná gáàsì kékeré tó ṣeé dì lọ́wọ́ ti tó. Alumíníọ̀mù ni kí ẹ yáná sí, kì í ṣe bóòtù, kí ẹ sì máa mú iná yí ibẹ̀ ká láìdúró lójú kan. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́. Bó ṣe funfun ní tútù ló ṣe máa funfun títí yóò fi wó lójijì, kí ó tó dé 600°C pàápàá fún ọ̀pọ̀ irú èyí tí wọ́n fi ń dà orí ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ẹ má fojú wọn ooru rẹ̀. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i: bí ẹ̀kán omi náà bá ń jó tó ń fò lójú rẹ̀, ó ti tó. Ẹ gbé iná kúrò, kí ẹ wá fi àbẹ́là kan àlà tó wà yípo bóòtù. Ìda rẹ̀ á yọ́, yóò sì fà wọlé láàárín tírẹ́ẹ̀dì bó ṣe ń tutù. Kì í ṣe àlọ́ ni o; lọ́pọ̀ ìgbà ìda ń wọ ibi tí epo kò lè wọ̀.

Ẹ ṣe èyí fún bóòtù kejì tó ṣì ní orí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé sípánà lé e nígbà tó ṣì gbóná. Sípánà olóruka tó ní igun mẹ́fà ni kí ẹ lò. Onígun méjìlá ń yọ̀, ó sì ń bó igun orí bóòtù. Ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ síbi tí ẹ ó fi dè é, bí irun lásán, kí ẹ tó yí i síbi títú. Tó bá yí ìdámẹ́rin ìyípo, ẹ dá a padà, ẹ kán epo, ẹ tún tú u. Kí ọwọ́ yín máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Bóòtù tó ń já gbà máa ń dún "kẹ̀ẹ́" lẹ́ẹ̀kan, á sì rọ̀. Èyí tó fẹ́ gé kì í dún. Ńṣe ni yóò máa yí bọ̀ọ̀rọ̀bọ̀ọ̀rọ̀, bí ohun tó ń nà, tí ẹ bá sì yọwọ́, á fà padà díẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ irú rẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ padà sídìí epo àti iná. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin; kò sí ẹni tó ń lé yín.

Ẹ jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn

Fún èyí tó kán tó sì bá ojú alumíníọ̀mù dọ́gba, ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Nǹkan méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń fún yín ní orí tuntun tí sípánà máa mú, ó sì ń kó ooru tó pọ̀ gan-an bọ inú bóòtù fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ooru yẹn ló ń tú u, nọ́ọ̀tì kàn jẹ́ ohun ìdìmú ni. Ohun tó ń fi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn balẹ̀ níbẹ̀ ni pé irin tí wọ́n ń jó kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Bí ìkán rẹ̀ bá tiẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè fi pọ́ńṣì ṣá a kúrò.

Ẹ gbé wáṣà tí ihò rẹ̀ tó mílímítà 6 lé ojú bóòtù, kí wẹ́dà kọ́kọ́ jó wáṣà mọ́ bóòtù láti àárín síta. Wáṣà yẹn á tún dáàbò bo alumíníọ̀mù. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé nọ́ọ̀tì M8 lé wáṣà, kí ó jó inú rẹ̀ kún. Nọ́ọ̀tì M8 ni mo wí, kì í ṣe M6, nítorí ihò M6 kéré jù fún iná láti dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí fáìlì họ àwọ̀ dídán tí wọ́n fi bo wáṣà àti nọ́ọ̀tì kúrò kí wọ́n tó jó o. Síńkì ni, èéfín rẹ̀ kò dára fún èèyàn, kì í sì í jẹ́ kí irin mú ara. Ẹ̀rọ MIG, ìyẹn ẹ̀rọ wẹ́dà tí wáyà ń ti ẹnu rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ló rọrùn jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá lè fi ẹlẹ́kítírọ́òdù kékeré ṣe é.

Ẹ yọ wáyà CDI (ẹ̀rọ tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) àti ti rẹ́gúlétọ̀ (èyí tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí bátìrì) kúrò ní ojú wọn, láfikún sí ti bátìrì. Gíríìpù tí wẹ́dà ń fi sílẹ̀ fún iná láti padà, orí sìlíńdà gan-an ni kó fi mú, nítòsí ibi tó ń jó, kì í ṣe férémù. Bó bá wà lára férémù, iná lè gba inú béárì kíráǹkì kọjá, ó sì ń jẹ ojú rẹ̀ ní kéékèèké.

Bí wọ́n bá jó o tán, ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Irin tó ṣì pọ́n rọ̀ bí amọ̀, yóò gé. Ẹ dúró títí kò fi ní pọ́n mọ́, tó sì ti tutù débi pé àbẹ́là ń yọ́ lára rẹ̀ ṣùgbọ́n kò rú èéfín. Ẹ fi ìda kàn án, kí ẹ wá fi sípánà mì í lọ mì í bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá já kúrò, ẹ má bínú, kí ó jó òmíràn. Kó já lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí bóòtù tó gbà kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ooru gbogbo rẹ̀ ń lọ sínú àkáǹtì kan náà.

Bó bá di ọ̀rọ̀ dírílì

Bí kò bá sí wẹ́dà tó mọṣẹ́, tàbí bóòtù ti kán jìnnà sínú ihò, dírílì ló kù. Níbí ni bóòtù kejì ti wúlò. Ẹ gbé etí sàlẹ́ńsà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ní ihò méjì, padà sí ojú rẹ̀ kí bóòtù kejì sì dì í mú ṣinṣin. Ihò kejì lára irin yẹn ti dúró gan-an níwájú bóòtù tó kán. Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ lééṣì gé páìpù irin kékeré fún yín, tí ìta rẹ̀ wọ ihò yẹn gááń, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 2.5. Bíìtì tó bá gba inú páìpù yẹn kọjá kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹni tó bá fi ojú lásán wọ̀n ọ́n, ìdajì mílímítà tó bá ṣì í ti mú un dé ojú tírẹ́ẹ̀dì.

Bí ojú bóòtù bá rí págunpàgun, ẹ fi fáìlì tàbí òkúta kékeré tó ń yí tẹ́ ẹ kó dọ́gba, torí bíìtì ń yọ̀ lójú ohun tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹ bá ní bíìtì òsì, ìyẹn èyí tó ń gé nígbà tí dírílì bá ń yí padà sẹ́yìn, òun ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Apá ibi tí bóòtù ń gbà jáde ló ń fà sí, ó sì wọ́pọ̀ kí ìyókù bóòtù kàn ṣàdédé máa yí jáde tẹ̀lé bíìtì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílímítà 2.5, títí dé òpin bóòtù. Ẹ ti wọn gígùn rẹ̀ lára èkejì. Ẹ fi téèpù sàmì sí bíìtì kó má baà kọjá. Lẹ́yìn náà 3.5, lẹ́yìn náà 4.2. Kí dírílì yí jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí epo máa wà níbẹ̀. Bíìtì tó ń sáré láìjẹ nǹkan ń yan ojú irin, ojú náà á sì le sí i. Bíìtì tó ti kú, ẹ jù ú nù.

Ẹ máa wo ohun tó ń jáde. Ti irin máa ń jẹ́ eérú-eérú, ó ń ká kòlòkòlò, ó sì máa ń gbóná tó bá kan ọwọ́. Ti alumíníọ̀mù funfun, ó ń dán, ó sì fúyẹ́ bíi bébà. Ẹ̀kúnná funfun kan ṣoṣo tí ẹ bá rí nínú rẹ̀, ẹ dúró: bíìtì ti kúrò lára bóòtù. Ńṣe ni alumíníọ̀mù á sì máa fà á sọ́dọ̀, nítorí pé òun ló rọ̀ jù. Ohun tó kù láti ṣe nígbà náà ni kí ẹ fi bíìtì kékeré tó ń lọ irin kún apá tí irin ṣì pọ̀ sí, kí àárín lè padà bọ̀ sípò.

Bí ihò bá wà láàárín gan-an, ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú mílímítà 5.0, òun ni ìwọ̀n ihò fún táàpù M6, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò. Ohun tó kù lára bóòtù nígbà náà kò ju wáyà tírẹ́ẹ̀dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó hú orí rẹ̀ sókè, kí ẹ fi púláyà ẹlẹ́nu gígùn fà á yọ bí ẹni tú sípíríìngì. Ẹ wá fi táàpù M6 nu ihò. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, ìdajì síwájú, ìdámẹ́rin sẹ́yìn. Táàpù náà le bí extractor, ó sì ń ṣẹ́ bíi tirẹ̀.

Ẹ ti fi àkísà dí ojú ihò èéfín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìlù o. Ẹ fi gíríìsì pa ojú bíìtì kó lè máa kó ẹ̀kúnná mọ́ra. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ihò bóòtù yìí lu já sínú ojú èéfín. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wádìí rẹ̀ nínú ihò bóòtù kejì nígbà tí bóòtù kò bá sí nínú rẹ̀.

Tí tírẹ́ẹ̀dì bá ti bà jẹ́

Kò tíì parí. Helicoil, ìyẹn wáyà irin tí wọ́n ká bí sípíríìngì, á dá M6 padà sínú ihò tó ti fẹ̀. Ihò rẹ̀ jẹ́ bíi mílímítà 6.3 fún M6, bíi 8.3 fún M8. Táàpù pàtàkì tó wà nínú páálí rẹ̀ ni wọ́n ń fi gé e. Táàpù M7 lásán kò bá a mu. Fún M6, ẹ mú èyí tó gùn tó mílímítà 9 ó kéré tán, 12 bí ihò bá jìn tó. Ẹ yí i wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi lọ sábẹ́ ojú ihò ní ìdámẹ́rin sí ìdajì ìyípo. Tó bá yọ jáde, irin sàlẹ́ńsà á tẹ̀ ẹ́, á sì fà á yọ. Lẹ́yìn náà ẹ ṣẹ́ etí kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ síta. Bó bá já bọ́ sínú ojú èéfín, ẹ wá a rí kí ẹ tó tẹ ẹ́ńjìnnì. Páìpù irin onítírẹ́ẹ̀dì bíi Time-Sert lágbára jù, ó sì gba àyè jù. Bí alumíníọ̀mù tó yí ihò ká bá ti tín-ín-rín, Helicoil ló sàn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi góòmù irin kún ihò yẹn kó wá gé tírẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀. Ní ẹnu sàlẹ́ńsà, kò ní í pẹ́. Góòmù tí wọ́n fi ń di bóòtù mú náà kò níṣẹ́ níbẹ̀; púpọ̀ nínú wọn ń rọ̀ tí ooru bá ti kọjá 150°C.

Ẹ tún lè gbọ́ pé álọ́ọ̀mù tí a pò mọ́ omi gbígbóná ń jẹ irin tán láìfọwọ́ kan alumíníọ̀mù. Òótọ́ ni, wọ́n ń fi yọ táàpù tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí sìlíńdà ní ìjókòó fáàfù àti gáìdì onírin nínú, òun náà ni yóò máa jẹ bí ẹ bá rì í sínú omi yẹn. Fún kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ẹ ti tú gbogbo irin inú rẹ̀ kúrò, ó dára.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń tú ẹ́ńjìnnì tó gbó, ẹ ó pàdé síkúrù olórí àgbélébùú lára kọ́fà ẹ̀gbẹ́ náà. Bó bá jẹ́ alùpùpù Jàpáànù, ojú síkúrù yẹn kò bá sikurudíráfà Phillips (olórí àgbélébùú tó wọ́pọ̀) mu, JIS ni, ìyẹn ìwọ̀n ti ilẹ̀ Jàpáànù. Phillips kò ní í jókòó délẹ̀ nínú rẹ̀, ńṣe ni yóò máa yọ̀ jáde tí yóò sì máa bó o. Ẹ wá sikurudíráfà JIS, tàbí irú èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù tó ń yí bí wọ́n ṣe ń lù ú. Tó bá sì jẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ gan-an, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè máà jẹ́ ti mílímítà rárá. Ẹ fi géèjì tírẹ́ẹ̀dì wò ó kí ẹ tó ti táàpù bọ ihò.

Ohun tí ẹ ó dá padà síbẹ̀

Ẹ má dá bóòtù padà. Sítọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi síbẹ̀, ìyẹn ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì lókè nísàlẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì búráàsì. Sítọ́ọ̀dù á dúró sínú alumíníọ̀mù láìkúrò. Nọ́ọ̀tì nìkan ni ẹ ó máa tú, búráàsì kì í sì í bá irin dípẹtà pọ̀. Bóòtù tó ń dán tí kì í dípẹtà wu ojú, ṣùgbọ́n nínú alumíníọ̀mù òun náà ń há, èyí tó sì wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kò lágbára tó bóòtù irin tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí láti fi agbára rẹ̀ hàn.

Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò títí yóò fi gbẹ. Bí ihò kò bá lu já, tí epo sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò síbi tí epo náà máa gbà bí sítọ́ọ̀dù ṣe ń wọlé. Ó lè la alumíníọ̀mù. Ó kéré tán, kí mílímítà 9 tírẹ́ẹ̀dì wọ inú rẹ̀. Ẹ fi gíríìsì bàbà tí wọ́n ṣe fún ibi gbígbóná pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má fi bọ́ ọ.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni o, ti àtijọ́ ti tẹ́ tán. Ẹ dè nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ìdajì ìyípo níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún, kí irin sàlẹ́ńsà lè wọlé lọ́gbọọgba. Nọ́ọ̀tì M6 kì í gbà ju bíi Nm 10 lọ (Nm ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí i), àfi bí ìwé alùpùpù yín bá sọ ohun mìíràn. Torí gíríìsì tí ẹ fi pa á, Nm 8 ti tó. Ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì, kó gbóná dáadáa, kó sì tutù tán pátápátá, ẹ tún wá yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n á yí díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì ti tẹ́. Bí wọ́n bá tún ń yí lẹ́yìn ìgbà kejì tàbí ìkẹta, ẹ má kàn máa dè wọ́n lọ: tírẹ́ẹ̀dì ti ń fà jáde nínú alumíníọ̀mù, Helicoil ló sì kàn.